Ọkọ̀ Tí Kò Mu Epo: Níbo Ni Yóò Ti Jẹun?

A kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀sí níbí, a sì kí ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìlọ́fà, Odò-Ọwá, Ọ̀bọ̀ àti Aràrọ̀mí-Ọ̀pin wá sí ìpàdé láìwo ti owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ yìí gan-an ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Ẹ óò rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ìwé ẹ̀yáwó méjì kan wá síwájú ìgbìmọ̀ tí irú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ọ̀kan wá láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ń fi bọ́ọ̀sì ná Ìlọrin. Ó ní òun fẹ́ yá owó láti fi sọ bọ́ọ̀sì òun di èyí tí ń lo gáàsì. Èkejì wá láti ọwọ́ àwọn ìyá mẹ́ta tí ń ta iṣu àti ẹlùbọ́. Wọ́n fẹ́ da owó pọ̀ ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó ẹrù, èyí tí ń lo iná mànàmáná dípò epo. Bí a ti ka ìwé kejì yìí tán báyìí, ẹ̀rín sọ nínú ilé. Bàbá kan béèrè pé, "Iná wo? Iná tí a kò rí fi lọ aṣọ?" Alága ní kí a dákẹ́. Ìyá tó ni ìwé náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, owó tí mo san fún ẹni tó gbé iṣu mi wálé láti oko ju èrè tí mo jẹ lórí iṣu náà lọ. Bí kì í bá ṣe iná, ẹ sọ ohun tí ó máa jẹ́ fún mi." Gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

Ìgbìmọ̀ kò fi ọwọ́ sí ìwé kankan nínú méjèèjì, wọn kò sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí a lọ wádìí wá. A ti lọ bá àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, a bá àwọn tí ń ta sólà sọ̀rọ̀, a béèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa tí ń ná Kútọnu, a sì jókòó ti bírò àti ìwé. Ohun tí a rí ni a kọ síhìn-ín, kí olúkúlùkù lè ti rò ó kó tó wá dìbò.

Ìdí tí ìgbìmọ̀ fi ń fà sẹ́yìn kì í ṣe ahun. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ kò gbàgbé ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo tí ẹgbẹ́ rà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀rọ tuntun ni, ó ń dán, ẹni tó tà á tilẹ̀ bá àwọn aláṣẹ ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá péré ló ṣiṣẹ́. Irin kékeré kan ṣẹ́ nínú rẹ̀, kò sí irú irin náà ní Òmù-Àrán, kò sí ní Ìlọrin, nígbà tí wọn yóò sì fi wá ẹni tó tà á lọ, ó ti kó kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé ìpàdé wa títí di òní yìí, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ewúrẹ́ ń sùn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi san gbèsè ẹ̀rọ tí kò lọ àgbàdo. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sọ fún wa pé, ẹni tí yóò bá ra ẹṣin, kó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí koríko wà. Ọ̀rọ̀ yìí la mú lọ́wọ́ lọ sí gbogbo ibi tí a dé.

Ti epo bẹntiróòlù, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn rẹ̀ fún. Ní ọjọ́ 29 oṣù May 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ti dópin. Títí di ọjọ́ náà, lítà kan kò tó ₦200 ní ilé epo ìjọba. Kí oṣù July ọdún kan náà tó parí, ó ti di ₦617. Ní October 2024, ó kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Epo tó sì ń dé ìpẹ̀kun Kwara níbí ti rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà ló máa ń yọ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ta iṣu fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń gbé iṣu, tí ẹni tó ń gbé iṣu náà sì ń ṣiṣẹ́ fún ilé epo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti gáàsì, nítorí òun ni ìjọba ń polongo jù. Ní ọdún 2023 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pi-CNG, láti sọ ọkọ̀ epo di ọkọ̀ gáàsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yí ọkọ̀ mílíọ̀nù kan padà kí ọdún 2027 tó parí. Gáàsì tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe gáàsì ìdáná o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kó méjèèjì pọ̀, èyí sì léwu. Gáàsì ìdáná máa ń di omi nínú sílíńdà bí a bá fún un pọ̀ díẹ̀, bó bá sì jò, ilẹ̀ ló ń wá. Èyí tí ọkọ̀ ń lo fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, òkè ló ń gbà lọ, èyí dára. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ di omi rárá, nítorí náà àfi kí a kì í mọ́nú irin pẹ̀lú agbára ńlá. Ẹ wò ó báyìí: àwọn tí ń lẹ táyà létí ọ̀nà máa ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà mọ́tò kékeré títí aago ọwọ́ wọn yóò fi fi nǹkan bí 30 hàn. Bí ẹ bá gbé aago irú yẹn dé ìdí sílíńdà CNG tó kún, nǹkan bí 3,000 ni yóò fi hàn. Táyà lásán bá bẹ́, ẹ mọ bí ó ṣe ń dún.

Nítorí èyí ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé sílíńdà ìdáná lọ bá wẹ́dà pé kó bá òun ṣe é fún mọ́tò. Ní ọjọ́ 17 oṣù October 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bẹ́ ní ìlú Benin níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i, ó sì ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Àwọn aláṣẹ ètò Pi-CNG sọ lẹ́yìn náà pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀ ni, pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún CNG. Ní Benin yìí kan náà, kí ariwo tó dé rárá, àwọn onítakisí ti ń lo gáàsì yìí láti nǹkan bí 2010, wọ́n sì ń jẹ èrè rẹ̀, nítorí pé ọ̀pá gáàsì sún mọ́ wọn. A ń fi èyí hàn yín kí ẹ lè mọ̀ pé gáàsì náà kò burú. Irin tí a kó o sí, àti ọwọ́ ẹni tó so irin náà mọ́ ọkọ̀, ni kí a yẹ̀ wò.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ọmọ ẹgbẹ́ wa. A jọ jókòó ṣírò rẹ̀ ni. Sílíńdà tí omi 80 lítà lè kún, bí a bá ki gáàsì sínú rẹ̀ bó ṣe yẹ, yóò gba nǹkan bí kúbíìkì mítà 16. Kúbíìkì mítà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ lítà epo kan. Bọ́ọ̀sì rẹ̀, bó ti ṣe sọ fún wa, ń rin kìlómítà mẹ́jọ lórí lítà kan nígbà tí èrò bá kún un. Ìyẹn ni pé sílíńdà kan yóò gbé e rin nǹkan bí kìlómítà 128. Láti Ìlọrin dé Ọ̀sí níbí lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Kò sí ibì kankan láàárín Ọ̀sí àti Ìlọ́fà tí a ti rí ẹni tó ń ta gáàsì náà. Bó bá rí i rà ní Ìlọrin, yóò fi gáàsì wálé, yóò sì fi epo padà lọ. Dájúdájú, ọkọ̀ tí a yí padà ṣì ń lo epo rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò ní há sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìdajì ìrìn náà ni yóò jẹ́ gáàsì.

Ìdajì yẹn kì í ṣe ohun kékeré o. Ní 2024, ₦230 ni wọ́n ń ta kúbíìkì mítà kan ní ọ̀pọ̀ ilé gáàsì. Mẹ́rìndínlógún rẹ̀ jẹ́ ₦3,680. Lítà epo 16 ní ₦1,000 jẹ́ ₦16,000. Nígbà tí a fi ìṣírò yìí hàn án, ńṣe ni ọmọ ẹgbẹ́ wa lu tábìlì, ó ní, "Akọ̀wé, kí lẹ tún ń wádìí?" A ní kó fara balẹ̀. Ní 2025, wọ́n ti fi owó kún iye gáàsì náà ní àwọn ibùdó kan, ẹni tó bá sì yáwó nítorí iye tòní kò mọ iye tí ọ̀la yóò jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ìlà wà. Bó bá tò fún wákàtí mẹ́ta kó tó kan òun, èrò tó yẹ kó gbé ti bá ẹlòmíràn lọ. Sílíńdà náà yóò tún gba àyè lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, níbi tí àpò gàárì máa ń wà. Òun fúnra rẹ̀ ló rán wa létí ìyẹn, ó sì rò ó díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀.

Ó ku ti iná mànàmáná, tí ẹ fi rẹ́rìn-ín. A bẹ̀ yín, ẹ má rò pé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lánàá ni. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó gbé London láyé àtijọ́, ẹ bi í léèrè nípa ọkọ̀ tí ń pín wàrà láàárọ̀ kùtùkùtù, èyí tí kì í pariwo. Bátìrì ni wọ́n fi ń wà á. Ní nǹkan bí 1900, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ oníná pọ̀ ju ọkọ̀ epo lọ lójú títì. Àwọn ìyàwó olówó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sí irin tí a ń fi ọwọ́ yí kó tó dìde. Lẹ́yìn tí wọ́n wá ṣe ohun tí ń fi bátìrì dá ẹ́ńjìnnì epo dìde, láti 1912, tí epo sì di pọ̀ǹtọ̀, ọkọ̀ oníná wọlé sùn. Ohun tó jí i padà ni bátìrì líthíọ̀mù, irú èyí tó wà nínú fóònù yín, tó fúyẹ́, tó sì ń gba iná púpọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2019.

Ibi tó yẹ kí àwa wò kì í ṣe òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí a wo Kútọnu àti Lomé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu mọ epo tí wọ́n ń pè ní kpayo, tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì. Epo Nàìjíríà ni, tó ń gba ẹ̀yìn ilé wọ ibẹ̀. Nígbà tí epo tiwa gbówó lórí ní 2023, tiwọn náà gbówó lórí ní kíákíá, àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní zémìdjan, kígbe. Ṣùgbọ́n kí èyí tó ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Spiro, tí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ń jẹ́ M Auto, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀kadà oníná wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Togo. Ọgbọ́n wọn ni pé ọlọ́kadà kì í jókòó ti bátìrì pé kó kún. Yóò yà sí ibùdó, yóò yọ bátìrì tó ti rẹ̀, wọn yóò fún un ní èyí tó kún, yóò sanwó, ó di ọ̀nà. Kò tó àkókò tí a fi ń mu ẹ̀kọ. Bátìrì náà kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà bó bá bàjẹ́, kì í ṣe òun ló ń ra òmíràn. Ní Rwanda, iléeṣẹ́ Ampersand ti ń ṣe irú èyí láti 2019. Ethiopia tilẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní January 2024 ni ìjọba wọn kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kó ọkọ̀ epo wọ ilẹ̀ náà mọ́, nítorí owó òkèèrè tí epo ń jẹ wọ́n, àti pé wọ́n ní iná odò tiwọn.

Èyí ló wá dùn wá jù. Àwa náà ní iná odò. Kainji ti ń mú iná jáde láti 1968, Jebba láti 1985, odò Ọya tó ń yí ẹ̀rọ wọn sì ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìpínlẹ̀ wa yìí kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́ta náà sọ pé, ìkòkò wà lórí iná nílé ẹni, ebi ń pa ọmọ ilé. Ní ọdún 2024, ìgbà mélòó ni iná orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀? A ka á, ó sú wa. Bí a bá ní kí kẹ̀kẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí máa dúró de iná ìjọba, a óò kàn tún wá ibi tí ewúrẹ́ yóò máa sùn ni.

Nítorí náà a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta sólà. Kì í ṣe àwa ni àkọ́kọ́ tí yóò ronú rẹ̀. Ní Maiduguri lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ tó ní wàhálà ju tiwa lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mustapha Gajibo ti sọ àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí ń lo epo di oníná láti 2021, oòrùn ló sì fi ń bọ́ wọn. Ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ ẹrù náà sọ fún wa pé bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì iná mẹ́fà, pé yóò rin kìlómítà 80 bí kò bá gbé nǹkan. A ní kó sọ iye tí yóò rìn bó bá gbé iṣu, ó ní kò sí ẹni tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ òun rí. A kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ bá wa ṣírò. Pátákó sólà kan tó jẹ́ wáàtì 400, bí oòrùn gidi bá ràn án fún wákàtí márùn-ún, yóò mú yúníìtì méjì wá. Mẹ́rin rẹ̀ yóò mú mẹ́jọ wá. Ẹ yọ ìdá mẹ́rin kúrò fún ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ó ku mẹ́fà. Ìyẹn ni pé pátákó mẹ́rin lè kún bátìrì kan ní ọjọ́ kan tí oòrùn bá ràn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí a kò rí kó tó di pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà fi hàn wá: nígbà tí oòrùn bá ń ràn, kẹ̀kẹ́ wà lóko! Bí kẹ̀kẹ́ bá wà lóko, bátìrì rẹ̀ wà lóko, pátákó ń wo ojú ọ̀run nílé lásán. Ẹni tí yóò bá ná an lójoojúmọ́, àfi kó ní bátìrì méjì, bátìrì ló sì wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyá náà ló tún ṣí ojú wa sí òmíràn. Ọjà tí òun ń ná kì í ṣe ojoojúmọ́, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Láàárín ọjà kan sí èkejì, oòrùn rí àyè bọ́ bátìrì kan ṣoṣo náà yó. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ oníná ń ronú nípa ọlọ́kadà Kútọnu tí kì í sinmi, a kò tíì rí ẹni tó ronú nípa ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ó kù síbì kan: bí kẹ̀kẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ọjà nìkan, ṣé yóò pa owó tó láti san ẹ̀yáwó? Àwọn ìyá náà ní àwọn yóò máa fi pọn omi ní ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn yóò máa fi kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

A kò ní fi ohun tí ń bà wá lẹ́rù pamọ́. Iṣu tuntun ń jáde ní àkókò òjò gan-an, ìkùukùu sì ń bo ojú oòrùn ní August àti September. Ìgbà tí ẹrù pọ̀ jù ni iná yóò kéré jù. Ọ̀nà oko wa kì í ṣe títì Lomé, òkè ni, àpáta ni, ẹrẹ̀ ni. Ọkọ̀ oníná lágbára láti gun òkè, nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀ láìdúró kí ẹ́ńjìnnì sáré, ṣùgbọ́n òkè ń jẹ bátìrì. Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ọba Kòrò nínú ààfin rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ kú mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ọlọ́kadà tí epo tán fún lè rí ẹni tó máa ra ìgò kan wá fún un. Bátìrì tó bá tán lóko, kò sí ìgò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ pẹ̀lú. A gbọ́ pé àwọn kan ti ń wo mọ́tò oníná àlòkù láti òkèèrè. Nissan Leaf, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2010, jẹ́ mọ́tò tó dára, ṣùgbọ́n àwọn ti àkọ́kọ́ kò ní ohun tí ń fi omi tu bátìrì lára. Ooru a máa jẹ bátìrì bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè ra ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán bí awọ ejò, kí inú rẹ̀ ti di àgbà. Ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún yín.

Ní ti èéfín, àwọn tí ń ta ọjà nítòsí gáréèjì mọ ohun tí a ń sọ. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀ fi aṣọ tó fi ń nu ojú hàn wá, dúdú ni. Ọkọ̀ oníná kò ní èéfín rárá níbi tó ń rìn, ti gáàsì sì kéré ju ti epo lọ. A kò fi èyí síwájú nínú ìṣírò wa, nítorí pé kò sí ẹni tó yáwó nítorí èéfín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ló ń fà á símú.

Ohun tí a ó gbà níyànjú níwájú ìgbìmọ̀ nìyí. Ti bọ́ọ̀sì, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa fi oṣù kan kọ sínú ìwé, ní gbogbo ìgbà tó bá dé Ìlọrin: ṣé gáàsì wà, èló ni, wákàtí mélòó ni ìlà. Bí ìwé náà bá dára, kí a yá a lówó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ibi tí ètò ìjọba fọwọ́ sí ni yóò ti yí i padà, kí sílíńdà jẹ́ tuntun, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí onígbọ̀wọ́ méjì sì fọwọ́ sí i. A mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ọn, ó ti fẹ́ lọ lọ́la.

Ti àwọn ìyá, èrò wa yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ tó rẹ́rìn-ín. A rò pé tiwọn sún mọ́ ṣíṣe ju ti bọ́ọ̀sì lọ, nítorí pé koríko ẹṣin wọn wà lórí òrùlé wọn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́ta. Kí ẹni tó ń tà á gbé e wá, kí a kó iṣu kún un, kí a gbé e gun òkè ọ̀nà oko lẹ́ẹ̀mejì lójú gbogbo ènìyàn, kí a sì wo ohun tó kù nínú bátìrì. Kó sọ orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe ní Òmù-Àrán tàbí ní Ìlọrin, kí a lọ rí ẹni náà. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò pààrọ̀ bátìrì bó bá kú kí ẹ̀yáwó tó tán. Bó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, a ti mọ ohun tó mọ̀ nípa bátìrì rẹ̀.

A ti bá ẹni náà sọ̀rọ̀, ó ní òun yóò wá. Ó béèrè bóyá dandan ni kí iṣu tí a óò kó kún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ní dandan ni, ó sì ti ya ọgọ́rùn-ún iṣu sọ́tọ̀ nínú àká. Láti oṣù tó kọjá, ó ti ń fi ẹfun sàmì sí ara ògiri ilé ìdáná rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá sanwó ẹrù: ìlà gígùn fún ọjọ́ ọjà, ìlà kúkúrú fún ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìlà gígùn jẹ́ mẹ́fà, kúkúrú jẹ́ mọ́kànlá. Ó ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé wa, a sì ti kọ ọ́. Ìpàdé jẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Àyẹ̀wò kẹ̀kẹ́ ni a óò kọ́kọ́ ṣe kí oòrùn tó mú, nítorí náà ẹ má pẹ́.